Gbólóhùn Etí Odò Tí Mo Tẹ̀ Sínú Láptọ́ọ̀pù

Bàbá mi máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe àìsàn. Bí wọ́n ṣe máa ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ nìyẹn ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe tísà, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, ikọ́ náà kò bá wọn fẹ̀yìn tì. Tí mo bá ti gbọ́ ìkejì, màá gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, màá tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tí a fi ń ṣí i, màá ní, "Bàbá, ó yá o." Wọ́n á gbé ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ sókè sí àjà pálọ̀ wa l'Ágbowó, wọ́n á máa sọ, èmi á máa tẹ̀. Mo rántí ohùn wọn. Mo rántí bí àga onígi tí wọ́n ń jókòó lé ṣe máa ń ké tí wọ́n bá yí ìdí padà. Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ni mi ò rántí, ìyẹn ló sì ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní.

Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo sì ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan l'Ónírèké. Ìyá wa ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun. Ó ṣẹ́ ku èmi àti Bàbá nínú ilé oníyàrá méjì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ bámúbámú, tí ẹ̀rọ fọtokópì àti jẹnẹrétọ̀ ń fi ariwo jí wa láràárọ̀. Apá Òkè-Ògùn ni Bàbá ti wá. Ilé ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi ló mú wọn kúrò lábúlé, tó sọ wọ́n di tísà, tó sì gbé wọn dé Ìbàdàn. Wọn kì í pe orúkọ mi. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, torí wọ́n ní iwájú orí mi yìí, ti ìyá àwọn ni. Èmi ò mọ ìyá náà, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan níbikíbi.

Bàbá fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn sílẹ̀ kí ojú wọn tó ṣú pátápátá. Wọ́n ti ra nóòtù ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta àti páálí bírò kan, wọ́n ní àpèkọ ni a máa ṣe é bíi ti ilé ìwé, àwọn á máa pè é, èmi á máa kọ ọ́. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní pe ẹ̀gbọ́n mi ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Mo mọ̀ pé àgbà mi ni. Tí inú mi bá rọ̀ lọ́jọ́ kan, màá tún un kọ.

Ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré kan, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Láptọ́ọ̀pù náà fúyẹ́, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ń dán. Lọ́jọ́ tó dé, ẹ̀gbọ́n mi pè wá lórí fídíò, ó ní kí n tan dátà fóònù mi kí láptọ́ọ̀pù lè gbà á wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá wa fi ímeèlì ti ara rẹ̀ ṣí i. Ó fi nọ́ńbà mẹ́fà kan sí i fún mi kí n má baà máa wá pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kiri. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa.

"Kò ní inú púpọ̀ o," ó ní. "Ohunkóhun tó o bá kọ, kì í dúró nínú ẹ̀. Òkè ló ń gbé e lọ fúnra ẹ̀. Kódà kí olè jí i, kódà kó já sínú kànga, ohun tó o kọ ò lè sọnù láéláé."

"Òkè níbo?" Bàbá bèèrè.

"Inú àwọsánmà, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ fọkàn balẹ̀, mìmì kan ò lè mì í níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tí kò lè dúró sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwa tí a ni ín?"

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Mo gba nóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ Bàbá, mo kó wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní, "Bàbá, ayé ti kúrò níbi bírò." Wọn ò bá mi jiyàn. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé àwọn fẹ́ràn láti máa gbọ́ bí bírò ṣe ń ha lórí ìwé, torí ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bá àwọn bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà, níwájú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pe ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ fún mi, orúkọ wọn àti orúkọ abúlé wọn, mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ilé wa. Òfin kan ló borí gbogbo òfin tó kù níbẹ̀: ohun tí o ò bá lò, pa á. Gílóòbù, rédíò, ẹ̀rọ omi, sítóòfù. Bàbá mi lè fi ọṣẹ sára jáde láti ilé ìwẹ̀ wá pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́ gan-an, wọ́n á máa fọwọ́ wá ibi ìtanná kiri lára ògiri kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo pa á. Inú ẹ̀kọ́ yẹn ni mo dàgbà sí, mo sì gbé e dé orí dátà. Gbogbo Agbowó náà kúkú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tan dátà, wọ́n á gba mẹ́sééjì tó bá wọlé, wọ́n á fèsì, wọ́n á pa á kíá, torí tó o bá gbàgbé ẹ̀ ní títàn, kó o tó yíjú padà, fóònù ti fà á gbẹ. Ṣùgbọ́n tèmi tún lé kenkà.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti bá wa ṣí láptọ́ọ̀pù yẹn, mi ò so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Kí ni mo fẹ́ so ó fún? Kò bèèrè. Tí mo bá tẹ nọ́ńbà mẹ́fà, á ṣí. Tí mo bá tẹ ọ̀rọ̀, á gbà á. Tí mo bá padà wá lọ́jọ́ kejì, màá bá gbogbo ẹ̀ níbẹ̀. Lókè ojú ìwé náà, àwòrán àwọsánmà kékeré kan wà tí wọ́n fa igi lé láàárín. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wò ó, tí mo rò pé àmì àwọn tó ṣe é ni. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn l'ọ́fíìsì. Mo ní ẹ̀yin ń jó dátà bíi kẹrosíìnì, èmi ń fi kọ̀ǹpútà inú àwọsánmà ṣiṣẹ́, mi ò sì lo ẹ̀kán dátà kan. Wọ́n yìn mí. Èmi náà gbà pé mo gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìkejì kí n tó máa lọ. Akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti já sí iṣẹ́ kì í fetí sí ohun tó ń tẹ̀. Ọ̀gá á máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á gba etí wọlé, á gba ìka jáde, kò ní yà síbì kankan lọ́nà. Tí wọ́n bá bi mí l'ọ́fíìsì pé kí ni lẹ́tà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán dá lé, màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Ohun tí wọ́n fi ń pè mí ní akọ̀wé gidi nìyẹn, bí mo sì ṣe ṣe é fún Bàbá mi náà nìyẹn. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi sọ ìtàn ayé wọn fún mi, lọ́sàn-án Sátidé àti lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n á bèèrè níparí pé, "Ìyá mi, ṣé ó ti wọlé?" Màá ní, "Ó ti wọlé, Bàbá." Èmi á ti máa ro ti ọbẹ̀ tí mo fẹ́ sè.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, ètè gbogbo wa ti là. Mo ti gbé ẹ̀wà kaná. Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbójú sókè.

"Ìyá mi, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Ìyá yín gan-an ò gbọ́ ọ títí wọ́n fi lọ."

Wọ́n ní àwọn tó ọmọ ọdún méje. Ìyá àwọn mú àwọn rìn láti abúlé, láti ìdájí títí oòrùn fi là, kó lè fi àwọn lé tísà ìjọ lọ́wọ́ létí odò, torí tísà ló máa mú àwọn sọdá lọ sílé ìwé. Igbá òrí kan wà lórí ìyá náà tó fẹ́ fi ta tísà lọ́rẹ. Mo rántí igbá òrí yẹn torí pé mo ṣi ọ̀rọ̀ náà tẹ̀, mo ní láti padà tún un ṣe. Bàbá wá ní, "Nígbà tí a dé etí odò, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ojú mi mú láàárín ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ní…" Wọ́n sì sọ ohun tí ìyá wọn ní. Kò gùn. Mo mọ̀ pé kò gùn, torí ọwọ́ mi tètè dé òpin ẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin, mo tẹ àmì ìdánudúró. Àkókò yẹn gan-an ni mo gbóòórùn pé omi ti fẹ́ gbẹ lórí ẹ̀wà.

Ẹ̀wà! Ẹ gbà mí o. Ẹ̀wà ni mo fọkàn sí.

Wọ́n ní ìyá náà kú kí òjò ọdún yẹn tó rọ̀, pé àwọn ò tún fojú kàn án mọ́ láti etí odò yẹn. Wọ́n ní gbólóhùn yẹn ni àwọn fi ń sùn, tí àwọn fi ń jí, láti ọmọ ọdún méje. Wọ́n fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì wọn nu ojú. "Ṣé o kọ ọ́?" Mo ní mo kọ ọ́. "Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì purọ́, ọwọ́ mi kọ ọ́. "Ó dáa, kà á fún mi kí n gbọ́."

"Bàbá, ẹ̀wà ń jóná. Tó bá di ọ̀la."

Nígbà tí ó di ọ̀la, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àlejò bá wa délé. Mi ò kà á. Mi ò sì padà ka ojú ewé yẹn láti ọjọ́ náà, torí kí ni mo fẹ́ kà á fún nígbà tó ti wà lókè?

Kò pé oṣù kan sí i tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mi ò gbọ́ ikọ́. Mo bá Bàbá létí bẹ́ẹ̀dì wọn, ojú wọn là sílẹ̀, apá ọ̀tún ti kú, ẹnu ti wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsàlẹ̀ ló bá mi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ dé inú ọkọ̀. Ní ọsibítù, dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, pé wọ́n á yè é, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde nínú ọpọlọ ló bà jẹ́. Ó ní wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, ó yé wọn, àmọ́ wọn ò ní lè sọ tiwọn, wọn ò sì ní lè kọ ọ́. Mo fún wọn ní bírò sí ọwọ́ òsì láti dán an wò. Ohun tí wọ́n kọ kò jọ ohun kan, wọ́n gbọ́ ọ lóhùn mi pé kò jọ ohun kan, wọ́n sì rọra gbé bírò náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ọwọ́ òsì sórí aṣọ ìbora, wọ́n ń fi ìka gbá a kẹ́ẹ́kẹ̀ẹ̀kẹ́, bí èmi ṣe máa ń tẹ láptọ́ọ̀pù. Wọ́n wá fi ìka kan kan etí ara wọn. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n ka ìtàn náà fún wọn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo ní, "Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò jábọ́." Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé, mo gbé láptọ́ọ̀pù, mo padà wá jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, kí n kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ kí n tó wọlé.

Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́fà. Kò gbà. Ó ní ó ti pẹ́ jù tí mo ti so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn, kí n so ó, kí n sì tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní háà, ẹnì kan ń gbìyànjú láti wọ ímeèlì òun lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì ti yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Kò rántí pé èmi wà níbi kan tí mò ń lò ó. Ó fi pásíwọ́ọ̀dù tuntun ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun máa pè mí padà. Mo tan dátà, ìwọ̀nba tó kù lórí fóònù mi, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun. Ó gbà á. Ó wá bèèrè èyí àtijọ́. Èmi ò mọ èyí àtijọ́, nọ́ńbà mẹ́fà ni mo mọ̀. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi, kò gbé e. Mo pè é títí. Dátà ń lọ, Bàbá sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń retí mi.

Ohun tó wà lójú láptọ́ọ̀pù nígbà náà, mo lè kà á láìwòwé fún yín. Ó ní tí mi ò bá mọ pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, mo lè máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí máa parẹ́. Ẹ má rò pé mi ò kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yé mi. Mo wá sọ fún ara mi pé kò kúkú sí ohunkóhun nínú ẹ̀rọ yìí, òkè ni gbogbo ẹ̀ wà. Ṣebí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ṣí. Ó mọ́ tónítóní. Mo wá ìtàn Bàbá, mo rí i, mo sì rí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀, orúkọ wọn àti orúkọ abúlé wọn, èyí tí a tẹ̀ lọ́jọ́ tí dátà wà ní títàn. Gbogbo ìyókù, oṣù mẹ́rin, kò gòkè rí láyé. Inú ẹ̀rọ yẹn ló wà ní gbogbo ìgbà, ó ń dúró de kí n tan dátà fún un kó lè gbéra, èmi tí Bàbá mi kọ́ láti máa pa ohun tí mi ò bá lò, mi ò tàn án. Èmi fúnra mi ni mo wá fi ìka yìí pa á rẹ́.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ilé wa. Ó wò ó, ó mi orí. "Àǹtí, irú èyí, tó bá ti pa nǹkan rẹ́, ó parí nìyẹn. Ṣé ẹ kì í tan dátà sí i ni?" Mo gba láptọ́ọ̀pù mi lọ́wọ́ ẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá pè, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu pa ara wa.

"O ò so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì rárá? Látìgbà yẹn?"

"Ẹ ní ó ń gòkè fúnra ẹ̀."

"Tó bá rí ọ̀nà ni! Kí ni kó gbà gòkè?"

"Ẹ ò sọ ìyẹn."

"Ta ni ò mọ ìyẹn?"

"Èmi ni," mo ní. "Èmi tí mò ń wẹ Bàbá, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ibo lẹ wà?"

Ó wá ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Bàbá gbọ́." Ohun kan ṣoṣo tí ohùn wa ṣe ọ̀kan lé lórí ní gbogbo ọdún yẹn nìyẹn.

Mo mú ìwé funfun díẹ̀ lọ́wọ́, mo jókòó ti Bàbá, mo ní mo ti tẹ ìtàn náà jáde sórí ìwé, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kà á. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, mo kà á bó ṣe wà. Wọ́n fi apá ojú tó ṣì dáa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í so nǹkan pọ̀, ìwọ̀nba tó há sí mi létí, ìyókù mò ń hun ún fúnra mi. Ojú wọn wà lókè sí àjà. Wọn ò mi orí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé ìka òsì, wọ́n fà á kọ́lọkọ̀lọ lórí aṣọ ìbora láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Odò. Odò ni wọ́n fẹ́. Mo gbé ìwé funfun sókè. "Nígbà tí a dé etí odò, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ojú mi mú láàárín ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ní, 'Kàwé rẹ dáadáa.'"

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n mi orí, rárá. Ojú tí kò ríran yẹn dúró sí ojú mi. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ì bá sàn fún mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ìlà ni mo ṣì." Mo sáré jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ pe nọ́ọ̀sì.

A padà sílé, ọ̀rọ̀ odò kò sì tán. Tí mo bá wẹ̀ wọ́n tán lọ́sàn-án, tí mo gbé wọn jókòó sórí àga onígi yẹn, wọ́n á fa ìka kọ́lọkọ̀lọ lórí itan ara wọn. Èmi á mú ìwé. "Má sunkún, ọmọ mi." Wọ́n á mi orí. "Má gbàgbé orúkọ mi." Wọ́n á mi orí. "Màá wá wò ọ́." Èyí, wọ́n pajú dé kí wọ́n tó mi orí, wọn ò sì jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Oṣù mélòó kan ni a fi ṣe é. Mo wá di ẹni tó ń sá fún ọ̀sán. Mi ò lè sọ fún wọn pé ó ti sọnù. Mo gbà pé ojo ni mí. Èèyàn tí kò ní ohun mìíràn láti fi sílẹ̀ fi gbólóhùn kan lé ẹ lọ́wọ́, o wá fẹ́ sọ fún un pé o pa á rẹ́? Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọdé. Tísà tó ti pe àpèkọ fún ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ ọmọ tó ń méfò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mi ò mú ìwé lọ́wọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga wọn, mo gbé orí lé orúnkún wọn, ohun tó bá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní, 'Máa lọ, ọmọ mi, má wẹ̀yìn. Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ.'" Mo dúró de mímì orí. Ó pẹ́. Ọwọ́ òsì wọn wá bọ́ sórí mi, ó ń wá iwájú orí mi kiri títí ó fi rí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n mi orí sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni, kó lè dá mi lójú. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi jáde láyé, wọn ò bèèrè odò lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sìnkú wọn. Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé gbólóhùn náà padà wá, pé Bàbá gbà pé òun ni. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú, ní lẹ́tà gàdàgbà, lábẹ́ àwòrán Bàbá. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà fi wàásù. Àwọn èèyàn sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi di orí mú, ó sunkún bí ọmọ kékeré, ó sì ti fi gbólóhùn náà sójú fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Tó bá pè mí, á ní, "Ìyá Bàbá yẹn mà mọ ọ̀rọ̀ sọ o." Màá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́ ni. Ọwọ́ mi mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tí mo tẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ẹ̀wà yẹn kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, bóyá mẹ́rin, àmì ìdánudúró. Bàbá mi nà mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé torí mo ní mo ti fọ kóòpù tí mi ò fọ̀. Mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n pa láyé, ìgbà tí wọn ò ní ẹnu mọ́ ni wọ́n pa á, èmi ni wọ́n sì pa á fún, kí n lè dìde lórí eékún.

Láptọ́ọ̀pù náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò bà jẹ́, ó ń dán síbẹ̀. L'ọ́fíìsì báyìí, tí ọ̀gá bá ń pe lẹ́tà fún mi, mo máa ń dá a dúró kí n lè gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n sì ti ń sọ pé mi ò yá lọ́wọ́ mọ́. Mo sọ nóòtù ẹlẹ́yìn líle mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo nu eruku wọn, inú ọ̀kan ni mò ń kọ èyí sí. Bírò ń ha. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, mo kọ ohun tó ṣẹ́ kù, bí wọ́n ṣe pè é fún mi gẹ́lẹ́: nígbà tí a dé etí odò, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ojú mi mú láàárín ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ní. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo fi ìlà tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ lófìfo, àyè ọ̀rọ̀ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin.